Ẹsẹ̀ Mọ́kànlá láti Ara Ògiri Ilé Ìdáná

Ilé tí bàbá wa kọ́ sí Ìsọlọ̀ kì í ṣe ilé olówó, ṣùgbọ́n ó lẹ́wà kí àwa ọmọ tó bà á jẹ́. Mo ní àwa ọmọ, torí bí mo bá di gbogbo ẹ̀bi ru ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìkan, Ọlọ́run á bi mí. Yàrá mẹ́fà ni, mẹ́ta kọjú sí mẹ́ta, pásééjì gígùn kan sì là á láàárín láti iwájú dé ẹ̀yìn, débi pé ẹni tó bá dúró sójú títì lè rí igi ọsàn tó wà lẹ́yìnkùlé. Bàráńdà olópòó mẹ́ta wà níwájú. Búlọ́ọ̀kù oníhò ni bíríkìlà fi ṣe ìgbátí rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gba inú ihò náà wọlé, àwa ọmọdé náà sì ń gba ibẹ̀ yọjú wo ẹni tó ń bọ̀. Fèrèsé onípákó ni gbogbo fèrèsé rẹ̀, ọ̀dà aláwọ̀ ewé ni bàbá wa sì máa ń kùn wọ́n bí ààwẹ̀ bá ti ń parí lọ. Ẹ̀yìn ni ilé ìdáná wà, yàrá gbọọrọ kan tí gbogbo obìnrin ilé ti ń dáná igi, tí inú rẹ̀ dúdú kirikiri fún èéfín.

Títì ló kọ́kọ́ dá ilé náà lágara. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá tún títì àdúgbò wa ṣe, orí èyí tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń da òkúta àti ọ̀dà lé. Títì á ga sí i, ilé wa á rẹlẹ̀ sí i. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àtẹ̀gùn mẹ́ta la fi ń gòkè sí bàráńdà. Kí n tó jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama, bàráńdà àti títì ti dọ́gba. Nígbà tó yá, ṣe là ń sọ̀kalẹ̀ wọlé bí ẹni ń wọ kòtò, bí òjò bá sì rọ̀, omi kánààlì á wá kí wa dé orí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá wa á ra yanrìn típà kan, wọ́n á fi kún ilẹ̀ yàrá, wọ́n á da kankéré lé e. Ilẹ̀ ń ga, àjà ò kúrò níbi tó wà. Fèrèsé tó wà lọ́gangan àyà wa tẹ́lẹ̀ wá bọ́ sí orúnkún. Ẹ̀gbọ́n mi tó ga bí òpó iná kì í wọlé kó má forí gbá àtẹ́rígbà, àwa á máa rẹ́rìn-ín, òun á máa ṣépè.

Inú ilé yẹn ni bàbá wa kú sí, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣú tí kò rọ̀. Kí ìrun Alásárì tó tó, a ti sin wọ́n sí ẹ̀yìnkùlé, láàárín ilé ìdáná àti fẹ́ǹsì. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa tipẹ́ pé a ò gbọdọ̀ kọ́ nǹkankan lé àwọn lórí, pé mùsùlùmí làwọn, àwọn kì í ṣọba. A gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ebè yẹ̀pẹ̀ kan ṣá ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí òwò ní Kánò nígbà náà, a kì í sì í gbé òkú mùsùlùmí pamọ́ de èèyàn. Ọjọ́ kẹta ló tó dé, òjò tí kò rọ̀ lọ́jọ́ ikú ti wá rọ̀, ó ti tẹ́ ebè náà pẹrẹsẹ.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, omi kún ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti di láńlọ́ọ̀dù wa, tó sì ń gbé Èjìgbò pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ní òun máa fi yanrìn kún ibẹ̀, òun á da kankéré sí gbogbo rẹ̀. Màámi ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi àmì sí ibi tí bàbá wa wà. Ó kọ̀ jálẹ̀.

"Màmá, ta ló fẹ́ wá gbalé níbi tí sàréè wà lójú ọ̀nà balùwẹ̀? Gbogbo ayálégbé ló máa sá."

Ṣé ẹ ń gbọ́ ọ̀rọ̀! Mo bínú, mo sọ fún un ohun tí àbúrò kì í sọ fún ẹ̀gbọ́n. Màámi ò bá a jà ní tiwọn. Wọ́n dúró kó lọ tán, wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n bọ́ bàtà. Ìlú wọn lẹ́bàá Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ibi tí èèyàn ò bá lè fi àmì sí, ẹsẹ̀ ọmọ la fi ń wọ̀n ọ́n láti ara ògiri. Wọ́n ní igi lè kú, òkúta ṣeé gbé, ṣùgbọ́n ògiri kì í rìn. Mo fi gìgísẹ̀ ti ara ògiri ilé ìdáná, mo ń gbé ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì, gìgísẹ̀ ń kan ọmọ ìka, mo ń kà á sókè. Nígbà tó pé mọ́kànlá, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi kan etí sàréè.

"Mélòó?" ni màámi bi mí.

"Mọ́kànlá, Màmá."

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ. Wọ́n di apá mi mú. "Bọ́lọ́jọ́ bá dé, ẹ̀gbẹ́ ọkọ mi ni kẹ́ ẹ tẹ́ mi sí o. N ò bẹ ẹnikẹ́ni nínú yín ní nǹkan mìíràn. Ìwọ lo máa fibẹ̀ hàn wọ́n." Mo ní, "Ẹ̀mí yín á gùn, Màmá." Wọ́n ní àwọn ò bi mí léèrè ẹ̀mí, ibẹ̀ ni kí n rántí. Mo ṣèlérí. Lọ́sẹ̀ kejì, yanrìn bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀, kankéré bo yanrìn, wọ́n sì bẹ́ igi ọsàn náà torí gbòǹgbò rẹ̀ ń fọ́ kankéré.

Mo lọ́kọ, mo sì bá ọkọ mi lọ sí Mafoluku, níbi tí ọkọ̀ òfurufú ti ń fò kọjá lórí òrùlé wa láti àárọ̀ dalẹ́. Ọdún díẹ̀ kọjá tí n kì í wá sílé ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Láàárín ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi dojú ìjà kọ ilé bàbá wa. Ó wó bàráńdà, ó wó òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fọ́ gbogbo búlọ́ọ̀kù oníhò, ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì síbẹ̀. Pásééjì tí oòrùn máa ń gbà wọlé wá ṣókùnkùn, ọ̀sán gangan lèèyàn ń tan iná kó tó rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ó yọ fèrèsé onípákó, ó fi ti onígíláàsì sí i. Lẹ́yìn náà ló kan ilé ìdáná. Ó ní ayé ìdáná igi ti kọjá, pé yàrá tó ní balùwẹ̀ tirẹ̀ nínú, èyí tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀fù, làwọn èèyàn ń wá. Ó sọ ilé ìdáná di méjì bẹ́ẹ̀.

Màámi bi í léèrè bàbá wa kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé ẹ̀bá fẹ́ǹsì lọ́hùn-ún ni sàréè wà, pé òun mọ ibẹ̀ dáadáa. Ẹni tó wà ní Kánò! Ojú ti ń ṣe màámi nígbà náà, wọn ò rí ju òjìji lọ, wọn ò lè já a ní koro. Kò sì sẹ́ni tó pè mí.

Ìgbà tí iṣẹ́ ti parí ni mo dé. Mo gbọ́mọ pọ̀n, oòrùn mú, mo rí ohun tí wọ́n fi ilé bàbá mi ṣe. Mo dojú ọ̀rọ̀ kọ ẹ̀gbọ́n mi ní pásééjì, ó dá mi lóhùn, ilé gbóná. Àárín ariwo yẹn ni màámi ti mú mi lọ́wọ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní kí n fi ibi tí bàbá wa wà han àwọn, kí àwọn mọ ibi tí àwọn á máa tẹ́ ẹní sí. Mo bọ́ bàtà. Mo ti gìgísẹ̀ mọ́ ara ògiri tí mo bá níbẹ̀, mo ka mọ́kànlá. Mo rí i pé mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé fẹ́ǹsì. Ọkàn mi sọ fún mi pé ibẹ̀ súnmọ́ fẹ́ǹsì jù. Mo gbọ́ ọ ketekete. Ṣùgbọ́n ọmọ ń ké lẹ́yìn mi, ẹ̀gbọ́n mi sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọ́nnu.

"Ṣé o rí i báyìí? Mo sọ fún yín pé ẹ̀bá fẹ́ǹsì ni. Ariwo ṣá lo mọ̀ ọ́n pa."

Ohun tó ká mi lára ni pé ó jàre. Mo sọ fún màámi pé, "Ibí ni, Màmá," mo kó ẹrù mi, mo bá tèmi lọ.

Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ di ibùjókòó màámi. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, wọ́n á fọwọ́ tẹ̀lé ògiri jáde, wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á jókòó. "Ẹ kú ilé o, bàbá àwọn ọmọ." Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ayé fún bàbá wa pẹ̀lú ohùn Ọ̀yọ́ tí Èkó ò rí gbà lẹ́nu wọn: pé epo pupa ti wọ́n ju oyin lọ, pé ọmọ ọmọ wọn kan ti ka Kùránì parí, pé ayálégbé tó wà ní yàrá àkọ́kọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń yí rédíò wálẹ̀. Wọ́n á rojọ́ mi náà. "Ọmọ yín obìnrin, ẹnu rẹ̀ ṣì mú bí abẹ. Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́." Wọ́n á dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ èsì, wọ́n á wá rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí mo kó àwọn ọmọ padà wá sí Ìsọlọ̀ láti máa tọ́jú màámi, mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn ránṣọ, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èmi tí n kò ní ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ mọ́, mo ń jowú wọn.

Bíi ọdún méjì kí màámi tó kú, ayálégbé wa tó wà ní sẹ́ẹ̀fù kejì, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, wá fẹjọ́ sùn pé omi ń jò nínú balùwẹ̀ òun, táìsì sì ń bọ́ sílẹ̀. Mo mú onípáìpù wá. A wọlé. Táìsì bíi mẹ́fà ti já bọ́ lára ògiri tó pààlà yàrá àti balùwẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n wò ó. Ohun tó wà lẹ́yìn táìsì dúdú. Mo fọwọ́ kàn án, èéfín dì mọ́ ìka mi. Ìṣó kan tó ti dípẹtà yọ orí jáde níbẹ̀, ìṣó tí màámi máa ń fi asẹ́ ògì kọ́.

Ògiri ilé ìdáná wa nìyẹn. Wọn ò wó o. Bíríkìlà ti fi í sílẹ̀ sínú ilé, ó kọ́ balùwẹ̀ àti ibi ìdáná kékeré sọ́wọ́ ìta, ó wá kọ́ ògiri tuntun sí ọwọ́ fẹ́ǹsì, ẹsẹ̀ mẹ́tàlá sí ti àtijọ́, ó rẹ́ ẹ, ó kùn ún lọ́dà. Ògiri tuntun ni mo fi gìgísẹ̀ tì lọ́jọ́ ìbínú mi. Mo ní kí onípáìpù bá mi wá ìgò omi lọ́dọ̀ aládùúgbò kó lè kúrò níbẹ̀. Mo bọ́ sílípáàsì. Mo ti gìgísẹ̀ mọ́ ọ̀gangan ìṣó náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mọ́kànlá bọ́ sí ojú ihò tí omi ìwẹ̀ ń gbà lọ.

Mo jókòó sílẹ̀ nínú omi. Mo sunkún débi pé onípáìpù dé, ó rò pé mo ṣubú. Bàbá mi, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, wọ́n á kọ́kọ́ wò bóyá omi náà mọ́, ibi tí àwọn àlejò ti ń bọ́ ìdọ̀tí ara ni wọ́n wà. Màámi sì wà níta, ẹsẹ̀ mẹ́tàlá sí ibẹ̀, wọ́n ń bá ilẹ̀ òfìfo sọ̀rọ̀, torí èmi ọmọ tó máa ń gbọ́ tiwọn ni mo mú wọn débẹ̀. Èmi ni. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Òun sọ ohun tí kò mọ̀, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ẹsẹ̀ mi ni màámi gbà gbọ́.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, mo ti bú ara mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lójoojúmọ́ ni mo ń pinnu pé bí màámi bá parí ìrun, mo máa sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan mo tiẹ̀ jókòó tì wọ́n lórí ẹní. Mo ní, "Màmá, nípa ibí yìí…" Wọ́n fi ọwọ́ tẹ kankéré jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tẹ ọmọ tó ń sùn. Wọ́n ní, "Má sọ̀rọ̀ sókè. Mo ń bá bàbá yín ṣeré." Kí ni kí n sọ? Kí n sọ fún obìnrin tí kò ríran pé gbogbo ọdún tó fi ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́? Mo dìde, mo lọ bá maṣíìnì mi.

Nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dá wọn dùbúlẹ̀, wọn ò lè jáde mọ́. Mo ń fi aṣọ tútù nu ojú wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n wá di ọwọ́ mi mú. Agbára ò sí lọ́wọ́ náà, ṣùgbọ́n ó dì mí mú.

"Ibi tó o fi hàn mí yẹn, ṣé ó dá ẹ lójú?"

Ọlọ́run ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún mi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí dòní. Bí mo bá sọ òótọ́, a ṣì lè bẹ ọmọbìnrin ayálégbé kó bọ́ sí yàrá mìíràn, a ṣì lè fọ́ balùwẹ̀, ìyà ò ní jẹ ẹnikẹ́ni kú. Mo wo ojú màámi. Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà wọ́n, ẹ̀rù náà ò sì jẹ mọ́ ikú.

"Ó dá mi lójú, Màmá. Gbangba ló dá mi lójú."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Alhamdulillahi." Wọ́n sùn. Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n kú.

Obìnrin kì í súnmọ́ ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ sàréè lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n wá torí ìwọ̀n. Gbogbo ọkùnrin ẹbí dúró yí ká. Mo fi ibi tí màámi máa ń tẹ́ ẹní sí hàn wọ́n, wọ́n fọ́ kankéré, wọ́n kó yanrìn, wọ́n dé ilẹ̀ àtijọ́. Bàbá àgbà tó ń gbẹ́lẹ̀ dáwọ́ dúró. Ó ki ọwọ́ bọ yẹ̀pẹ̀, ó rún un lọ́wọ́.

"Ilẹ̀ yìí le o. Kò jọ pé wọ́n ti gbẹ́ ìtòsí ibí rí. Ẹ̀gbẹ́ wo ni Alàájì, bàbá yín, wà?"

Ààfáà wo ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Òkú ìyá wa ti wà nínú pásééjì, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti dì í ní aṣọ funfun, àkókò ń lọ. Ọ̀rọ̀ náà kún mi lẹ́nu. Mo ronú ohun tí wọ́n máa ṣe bí mo bá sọ ọ́: igbe, òòlù, ìjà, ìyá mi nílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, àti gbogbo ẹbí tó máa mọ̀ pé mo purọ́ fún obìnrin tó ń kú lọ. Ká má parọ́, ìtìjú yẹn ló wúwo jù.

"Apá ọ̀tún," ni mo wí. "Ó ku díẹ̀ kẹ́ ẹ kàn wọ́n. Ẹ má wulẹ̀ gbẹ́ dé ibẹ̀, kẹ́ ẹ má dí wọn lọ́wọ́."

Bàbá àgbà náà mi orí, ó tẹ̀síwájú. A sin màámi. Ààfáà ṣàdúrà fún àwọn méjèèjì pa pọ̀, ó ní bí Ọlọ́run ṣe so wọ́n pọ̀ láyé, bẹ́ẹ̀ ló tún so wọ́n pọ̀ nínú ilẹ̀. Gbogbo èèyàn ṣe àmín. Èmi náà ṣe é.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Mo ń retí ọjọ́ náà, kò tíì dé. Ní ogójì ọjọ́, lẹ́yìn tí àwọn àlejò fídáù ti lọ, ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi lẹ́yìnkùlé. Irun rẹ̀ ti funfun, n kò kíyè sí i tẹ́lẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé òun ò ṣe ilé yìí dáadáa. Ó ní bàráńdà yẹn, òun máa ń lá àlá rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ọkùnrin tí n kò rí omi lójú rẹ̀ rí, ó gbá mi mọ́ra.

"Ọpẹ́lọpẹ́ ìwọ," ló wí. "Gbogbo nǹkan ni mo wó nínú ilé yìí. Ká ní kì í ṣe ìwọ ni, à bá ti sọ Bàbá nù, Màmá ì bá sì máa nìkan sùn."

Mo ní, "Ẹ má sunkún mọ́, ẹ̀gbọ́n." Lẹ́yìn ògiri, ọmọbìnrin ayálégbé ti ti ibi iṣẹ́ dé, ó ṣí omi, ó ń wẹ̀.